Ọyàn Ìyá, Agolo àti Ẹ̀wà Sóyà: Èwo ni Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ọwọ́?

Ọmọ jẹ́ àmánà tí Ọlọ́hun Ọba gbé lé àwọn òbí lọ́wọ́. Ìkókó kò lè sọ̀rọ̀, kò lè yan oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ bí wọ́n bá fún un ní ohun tí kò yẹ. Ohunkóhun tí wọ́n bá rọ sí i lẹ́nu ni yóò gbé mì. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọ ọwọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí á fi sílẹ̀ fún àwọn olùpolówó ọjà.

Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ kan ń tàn kálẹ̀ láàrin àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di òbí, ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní òkè òkun. Wọ́n ní wàrà tí a fi ẹ̀wà sóyà, ìrẹsì tàbí àgbọn ṣe mọ́ ju wàrà màlúù lọ. Wọ́n ní ó wá láti inú ohun ọ̀gbìn, kò sì ní ohun ẹranko kankan nínú tí ó lè mú iyèméjì bá Mùsùlùmí. Àwọn kan tilẹ̀ ń lọ ẹ̀wà sóyà fúnra wọn nínú ilé, wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n sì ń rọ ọ́ sínú fídà fún ọmọ oṣù méjì. Ǹjẹ́ ohun tí ó tọ́ ni èyí? Ǹjẹ́ oúnjẹ tí ó ti inú ohun ọ̀gbìn wá lè gba ipò ọyàn ìyá tàbí ti wàrà inú agolo? Ìbéèrè náà tó ohun tí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí yẹ kí ó wádìí kí ó tó bímọ, nítorí pé ẹ̀yìn tí ọmọ bá ti rù tán ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bi ènìyàn léèrè.

OHUN TÍ ÀLÙKÙRÁNÌ FI LÉLẸ̀

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa agolo tàbí ẹ̀wà, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wo ohun tí Ọlọ́hun Ọba ti là sílẹ̀. Nínú Suratu-l-Baqarah, ẹsẹ 233, ọdún 2 gbáko ni a fi lélẹ̀ fún fífún ọmọ lọ́yàn, fún òbí tí ó bá fẹ́ kí ó pé. Ẹsẹ yìí kan náà ni ó gbé oúnjẹ àti aṣọ ìyá ọlọ́mọ lé bàbá ọmọ lórí, ní ìwọ̀n agbára rẹ̀. Ó gba ìyá àti bàbá láyè láti já ọmọ lẹ́nu ọmú kí ọdún 2 náà tó pé, bí àwọn méjèèjì bá fìmọ̀ ṣọ̀kan lẹ́yìn ìjíròrò. Ó tún gbà wọ́n láyè láti wá alágbàtọ́ tí yóò fún ọmọ náà lọ́yàn. Kò sì sí Mùsùlùmí tí kò mọ̀ pé Halimah, obìnrin ẹ̀yà Banu Sa'd, ni ó fún Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) lọ́yàn ní ìgbà èwe rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni ó hàn gbangba nínú èyí. Èkíní ni pé ọyàn ni ìpìlẹ̀, òun sì ni ẹ̀tọ́ ọmọ. Èkejì ni pé ẹ̀sìn Ìsìláàmù kò ni ìyá lára, nítorí pé ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tí kò lè fún ọmọ lọ́yàn. Ẹ̀kẹta ni pé ìyá nìkan kọ́ ni ó ni ẹrù yìí. Bàbá tí ó bá fi ebi pa ìyá ọmọ, tí ó wá ń bínú pé ọyàn rẹ̀ kò sẹ̀ dáadáa, ìdajì ẹsẹ náà ni ó kà.

Àwọn onímọ̀ ìlera òde òní náà kò sọ ohun tí ó jìnnà sí èyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ní kí á fún ọmọ ní ọyàn nìkan fún oṣù 6 àkọ́kọ́, láìsí omi, láìsí àgbo, láìsí ẹ̀kọ mímu. Lẹ́yìn náà ni kí á bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ mìíràn kún un, kí ọyàn sì máa bá a lọ títí di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ìwádìí ìlera tí ìjọba ilẹ̀ Nàìjíríà ṣe jákèjádò orílẹ̀-èdè lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé oṣù 6, nǹkan bí 29 péré ni wọ́n ń fún ní ọyàn nìkan. Èyí túmọ̀ sí pé kí àríyànjiyàn lórí wàrà màlúù àti wàrà sóyà tó wáyé rárá, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà ni wọ́n ti fi ohun mìíràn du ẹ̀tọ́ wọn.

KÍ NI Ó WÀ NÍNÚ AGOLO SÓYÀ?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wàrà sóyà inú agolo tí a ṣe fún ìkókó kò yàtọ̀ sí wàrà sóyà tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá lẹ́bàá títì. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn pọ̀ púpọ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní gbogbo aláǹgbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Gbogbo omi funfun ni ó jọ ara wọn nínú fídà.

Lọ́dún 1909 ni oníṣègùn kan ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, John Ruhräh, kọ̀wé nípa bí a ṣe lè fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà sóyà bọ́ àwọn ọmọ tí inú wọn kò gba wàrà màlúù. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń rí àléébù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń tún un ṣe. Ẹ̀wà sóyà tútù ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí ikùn lo puroténì bí ó ti yẹ, àfi bí a bá sè é jinná. Ó tún ní ohun tí ń di èròjà irin àti síǹkì mú tí ara ọmọ kì í fi í rí wọn gbà tó. Àwọn ọmọ kan tí a fi sóyà bọ́ ní ọdún 1950 sí 1960 ní gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn, nítorí pé kò sí áyódìn tó nínú oúnjẹ wọn. Ìgbà tí wọ́n fi áyódìn kún un ni èyí dẹwọ́. Ní àárín ọdún 1960 sí 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ puroténì inú ẹ̀wà náà sọ́tọ̀, tí wọ́n ń fi èyí tí ó mọ́ ṣe oúnjẹ ọmọ, tí wọ́n sì ń fi ọ̀rá, kálísíọ̀mù, èròjà irin àti oríṣiríṣi fítámì kún un ní ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí náà, àṣìṣe kékeré lè di àdánù ńlá. Lọ́dún 1979, ní Amẹ́ríkà, oúnjẹ sóyà kan fún ìkókó jáde láìní kúlóráìdì tó, èyí tí í ṣe èròjà kan nínú iyọ̀ lásán. Ọ̀pọ̀ ọmọ ṣàìsàn, èyí ni ó sì mú kí ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin pàtó lórí oúnjẹ ìkókó lọ́dún 1980. Lọ́dún 2003, oúnjẹ sóyà kan tí wọ́n ṣe ní Jámánì fún ọjà ilẹ̀ Ísírẹ́lì kò ní fítámì B1 tó nínú. Àwọn ọmọ kan kú, àwọn mìíràn sì di aláàbọ̀ ara títí ayé. Bí ilé iṣẹ́ ńlá tí ó ní ẹ̀rọ àti onímọ̀ bá lè ṣàṣìṣe bẹ́ẹ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti wọn ohunkóhun?

TA NI WÀRÀ SÓYÀ INÚ AGOLO WÀ FÚN?

Òtítọ́ gbọ́dọ̀ di sísọ: wàrà sóyà tí a ṣe fún ìkókó, tí òfin fọwọ́ sí, kì í ṣe májèlé. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé nínú oyún tí a fi bọ́ máa ń dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 2008, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, sọ àwọn tí ó tọ́ sí. Àkọ́kọ́ ni ọmọ tí a bí pẹ̀lú àrùn tí ń jẹ́ galactosemia, èyí tí kì í jẹ́ kí ara lè lo ṣúgà inú wàrà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè mu ọyàn ìyá rẹ̀ pàápàá. Èkejì ni ọmọ tí a bí láìní ohun tí ń da ṣúgà wàrà nínú ìfun. Àwọn àìsàn méjèèjì yìí ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ẹ̀kẹta ni ọmọ àwọn òbí tí kì í jẹ ohun ẹranko.

Ẹgbẹ́ náà tún sọ ẹni tí kò tọ́ sí. Ọmọ tí a bí láìpé oṣù kò gbọ́dọ̀ gbára lé e, nítorí pé egungun rẹ̀ lè má le tó. Kò sì sí ẹ̀rí tí ó dájú pé ó ń wo inú rírun àti ẹkún àṣálẹ́ tí àwọn ìyá ń torí rẹ̀ yí wàrà padà. Ní ti ọmọ tí ara rẹ̀ kọ wàrà màlúù, apá kan nínú wọn ni ara wọn tún máa ń kọ sóyà. Nítorí èyí, lọ́dún 2006, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ilẹ̀ Yúróòpù tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ìfun àti oúnjẹ ní kí á má fi sóyà bọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kí ó tó pé oṣù 6. Ní ilẹ̀ Faransé, Ítálì àti Sípéènì, àwọn oníṣègùn tún ní wàrà tí a fi puroténì ìrẹsì ṣe, tí a ti gé sí wẹ́wẹ́ kí ikùn ọmọ lè gbà á. Òun náà, oníṣègùn ni ó máa ń júwe rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba kò gba òbí níyànjú láti lo wàrà sóyà fún ìkókó láìjẹ́ pé oníṣègùn tàbí nọ́ọ̀sì alábẹ̀wò ni ó ní kí wọ́n lò ó. Ìdí kan ni pé ẹ̀wà sóyà ní ohun kan nínú tí ó jọ họ́mónù obìnrin, ara ìkókó kò sì tíì gbó. Ọmọ tí ẹṣẹ́ ọrùn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ láti ìgbà ìbí, tí ó ń lo oògùn, tún nílò àyẹ̀wò léraléra bí ó bá ń mu sóyà, nítorí pé sóyà a máa dí oògùn náà lọ́wọ́.

Ìdájọ́ ọ̀rọ̀ náà kò le: wàrà sóyà inú agolo dà bí igi ìtilẹ̀ tí a fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Kò sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé tí ó ń fi owó ra igi ìtilẹ̀.

WÀRÀ INÚ ILÉ KÌ Í ṢE OÚNJẸ ÌKÓKÓ

Ibi tí ewu wà jù lọ ni èyí tí a ń ṣe nínú ilé. Wàrà sóyà, wàrà ìrẹsì, wàrà àgbọn àti omi òfio lè dára fún àgbàlagbà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ní kálísíọ̀mù, èròjà irin, ọ̀rá àti fítámì ní ìwọ̀n tí ìkókó nílò. Fítámì B12 tilẹ̀ wà lára ohun tí a kò lè rí nínú ohun ọ̀gbìn.

Lọ́dún 2014, ní ilẹ̀ Belgium, ọmọ oṣù 7 kan kú. Àwọn òbí rẹ̀ ń fi wàrà tí a fi oríṣiríṣi ọkà ṣe bọ́ ọ, nítorí pé wọ́n gbà pé inú rẹ̀ kò gba wàrà màlúù. Wọn kò mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn tí ó lè sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún wọn. Ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tí ó kú kò ju kìlógíráàmù 4.3 lọ. Ilé ẹjọ́ dá àwọn òbí náà lẹ́bi lọ́dún 2017. Wọn kì í ṣe ọ̀tá ọmọ wọn. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò ní ìmọ̀ kò bọ́ ọmọ. Lọ́dún 2001, àwọn oníṣègùn ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ọmọ méjì: ọ̀kan tí ó ní kwashiorkor nítorí pé wàrà ìrẹsì ni wọ́n fi ń bọ́ ọ, àti èkejì tí egungun rẹ̀ rọ̀ nítorí wàrà sóyà tí kì í ṣe ti ìkókó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn aláṣẹ kìlọ̀ pé kí á má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ní wàrà ìrẹsì, nítorí májèlé arsenic tí ìrẹsì máa ń fà láti inú ilẹ̀.

Ilẹ̀ Áfíríkà kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1933 ni Cicely Williams, oníṣègùn tí ó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní, kọ̀wé nípa àrùn tí àwọn ará Gã ń pè ní kwashiorkor. Ó rí i pé ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò rẹ̀, tí ẹ̀kọ àgbàdo nìkan wá di oúnjẹ rẹ̀, ni àrùn náà ń mú. Àgbàdo náà kúkú jẹ́ ohun ọ̀gbìn. Pé oúnjẹ wá láti inú ilẹ̀ kò sọ pé ó tó ọmọ í gbé ró.

Ọ̀RỌ̀ HALÁÀLÌ ÀTI HARÁÀMÙ

Ọ̀dọ́ tí ó ń bẹ̀rù harámù nínú agolo, ìbẹ̀rù rẹ̀ dára. Ó tọ́ kí Mùsùlùmí ka ohun tí a kọ sára agolo, kí ó sì yẹra fún ohun tí ó bá ti ara ẹlẹ́dẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n wàrà màlúù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun iyèméjì. Nínú Suratu-n-Nahl, ẹsẹ 66, Ọlọ́hun Ọba ka wàrà tí ń jáde láti inú ẹran ọ̀sìn mọ́ àwọn àmì agbára Rẹ̀ àti ìdẹ̀ra Rẹ̀ fún ènìyàn. Ẹni tí ó bá wá sọ fún àwọn ènìyàn pé wàrà sóyà ni ó bá ẹ̀sìn mu ju ti màlúù lọ ti fi ohun tí kò sí nínú ẹ̀sìn kún un.

Yàtọ̀ sí èyí, orúkọ "ohun ọ̀gbìn" tí wọ́n kọ sára agolo kì í sọ gbogbo òótọ́. Fítámì D inú ọ̀pọ̀ wàrà sóyà fún ìkókó, láti inú ọ̀rá irun àgùntàn ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Èyí kò sọ ọ́ di harámù, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé àkọlé nìkan kò tíì wádìí ohunkóhun.

KÍ NI ṢÍṢE?

Àkọ́kọ́, kí á dá ọyàn padà sí ipò rẹ̀. Abiyamọ tí ó bá ní ìṣòro, ọmọ tí kò mọ ọmú mu, orí ọmú tí ó ya tàbí ọyàn tí kò sẹ̀, kí ó lọ bá nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí kí ó tó lọ bá ẹni tí ń ta agolo. Ìyá tí ó ní kòkòrò HIV, tí ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, kò ní láti sá fún ọyàn. Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé irú ìyá bẹ́ẹ̀ lè fún ọmọ rẹ̀ lọ́yàn títí di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èkejì, bí ọyàn kò bá ṣeé ṣe rárá, wàrà màlúù tí a ṣe fún ìkókó ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ lò, àfi bí oníṣègùn bá sọ pé sóyà tàbí òmíràn ni. Omi tí a ó fi pò ó gbọ́dọ̀ hó, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára agolo ni kí á sì tẹ̀lé. Ẹni tí ó bá bu omi là á kí agolo lè pẹ́, ebi ni ó ń fi pa ọmọ. Kí ọkọ àti ìyàwó ṣírò owó agolo títí ọmọ yóò fi pé ọdún 1 kí wọ́n tó já a lẹ́nu ọmú.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀wà sóyà ní ipò tirẹ̀, ipò náà sì dára. Lẹ́yìn oṣù 6, nígbà tí ọmọ ń jẹ oúnjẹ pẹ̀lú ọyàn, ògì nìkan kò tó. Àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Oshodi ni wọ́n ṣe ìwádìí bí a ṣe lè pa ògì àti ẹ̀wà sóyà pọ̀ fún àwọn ọmọdé. Abiyamọ lè fi sóyà tí a sè jinná tí a sì lọ̀ kúnná, ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀pà kún ẹ̀kọ ọmọ rẹ̀. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé àti Iléṣà, ní àárín ọdún 1950 sí 1960, David Morley fi ìwé ìdiwọ̀n tọ́ka sí ọ̀nà tí ọmọ fi ń dàgbà, kí ìyá lè tètè rí i bí ọmọ bá ń rù. Kí ìyá gbé ọmọ lọ fún ìwọ̀n lóòrèkóòrè ṣeyebíye ju gbogbo àhesọ lọ.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn ọkùnrin jí. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà fún ìyá ọlọ́mọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, àti ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ rẹ̀ lọ́yàn nígbà tí ó bá padà sẹ́nu iṣẹ́. Òfin tún wà láti ọdún 1990 tí ó de àwọn tí ń polówó wàrà ìkókó lọ́wọ́, nípa ìlànà tí Àpéjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1981. Mélòó nínú àwọn ọ̀gá Mùsùlùmí ni wọ́n ń fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní ààbọ̀ wákàtí náà? Mélòó nínú àwọn mọ́sálásí àti ilé kéwú ni wọ́n ní yàrá kan tí ìyá lè jókòó sí fún ọmọ rẹ̀ lọ́yàn láìsí ojútì? Mélòó nínú àwọn ọkọ ni wọ́n ń gbé ìkòkò ka iná kí abiyamọ lè simi?

Ọ̀dọ́ tí ó ń bẹ̀rù harámù inú agolo ti ṣe dáadáa. Kí ó sì mọ̀ pé àìbìkítà fún ẹ̀tọ́ ọmọ àti ti ìyá rẹ̀ wà lára ohun tí a ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkókó kò lè jẹ́rìí lónìí, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí olúkúlùkù yóò dáhùn fún àmánà tí a gbé lé e lọ́wọ́. Kí Ọlọ́hun Ọba fún àwọn òbí ní ìmọ̀ tí ó tó, kí Ó sì dá àwọn ọmọ sí. Àmín.